Àlàáfíà Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Láràárọ̀ ọjọ́ Olúwa, Mústíà mọ ibi tí àlàáfíà máa ń dé tí kì í kọjá.

Ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń gbéra. Bàbá Nátsálù, arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó ń fi ọ̀pá rìn, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ alàgbà tó sún mọ́ ọn, á ní, “Àlàáfíà fún ọ.” Alàgbà yẹn á gbà á, á gbé e fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì yí gbogbo ilé ká, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Mústíà tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró ṣe ẹni ìkẹyìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mústíà á gbà á. Lẹ́yìn náà, kò tún sẹ́ni tí yóò gbé e fún mọ́.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni níbẹ̀ o. Mígínì wà níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìloro ni Mígínì dúró sí, òun àtàwọn tó bọ́hùn nígbà inúnibíni, díákónì sì dúró sáàárín bí òpó. Ẹni tó wà níta kò gbọdọ̀ gba àlàáfíà, kò gbọdọ̀ jẹ nínú búrẹ́dì. Mústíà á gbójú sókè, ojú wọn á pàdé. Amọ̀ pupa tí Mígínì fi ń mọ fìtílà kì í tán léèékánná rẹ̀, ìbáà wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mústíà fẹ́ràn àwọn èékánná yẹn ju wúrà lọ. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ṣe ìdána, kò sì sí alàgbà kan ní Vasárì, ìlú wọn, tó lè so ẹni inú ilé pọ̀ mọ́ ẹni ìloro. Àfi kí Mígínì wọlé kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé kò mọ̀ ló ń jẹ Mústíà lọ́kàn bí kòkòrò inú ọ̀pọ̀tọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Késárì tó wà lórí oyè pàṣẹ pé kí tọmọdé tàgbà wá sun tùràrí fún àwọn òrìṣà Róòmù, kí akọ̀wé ìlú sì fún olúkúlùkù ní ìwé pé ó ti sun ún. Ẹni tí kò bá níwèé, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Báríkì, bàbá Mústíà, tó ń fún òróró ólífì, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì fọ́ orúnkún rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mústíà, tí kò ní ìyá mọ́, sá sí ilé ààrò Mígínì, ó sì sùn sẹ́yìn òkìtì fìtílà fún odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá ni Mígínì wọlé tòun ti ìwé kan lọ́wọ́. Kò fọwọ́ kan tùràrí, kò dé ìdí pẹpẹ. Akọ̀wé kan tí wọ́n jọ ń gun igi ọ̀pọ̀tọ́ ní kékeré ló bá a kọ irọ́ náà. Mígínì kà á sí i létí: “Mígínì ọmọ Átíbà, tó ń mọ fìtílà, àti Mústíà aya rẹ̀, ti rúbọ bí òfin ti wí.”

Aya rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mústíà gbọ́ orúkọ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ìjọ ń sá kiri orí òkè, ó sì yẹ kó gba ìwé yẹn kó fà á ya. Ohun tó ṣe ni pé ó ní, “Tún un kà.”

Mígínì tún un kà. Inú Mústíà dùn. Ọlọ́run tó rí i mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí Késárì yẹn kú sójú ogun tí ayé rọ̀ díẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù ní kí gbogbo ẹni tó gbàwé dúró níta ná. Nínú àwọn méjèèjì, Mígínì nìkan ló lọ dúró. “Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ síbẹ̀, o ò bẹ̀ mí,” ló sọ fún Mústíà. “Wọlé jàre. Jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa wà nínú ilé.” Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n dá Báríkì sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn gbé e sórí bí ọba wọ ìlú, tí wọ́n ń fẹnu ko àpá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò dúró sáàárín irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ọmọ rẹ̀ níwèé Késárì”? Mústíà wọlé. Ó jẹ búrẹ́dì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni gbé òkúta mì ló ṣe máa ń rí lọ́fun rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ wọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe túká, ìloro ni Mústíà gbà lọ. Sánámì ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni pé ó ti ń fi Mígínì ṣe yẹ̀yẹ́. Oníbúrẹ́dì ni Sánámì, opó tó ṣígbọnlẹ̀. Òun sun tùràrí ní tòótọ́ ní tiẹ̀, nítorí ọmọ márùn-ún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

“Ọkọ ìyàwó ẹnu ọ̀nà!” ló ń pariwo. “Ògiri yìí mà ti fẹ́ di ìyàwó ẹ! Òun lò ń fara tì láti ọdún yìí wá. Ìgbà wo lẹ máa bímọ?”

“Ìyá Sánámì, ẹ jẹ́ n rímú mí.”

“Mí ń kọ́! Ṣé èmi ni mo di imú ẹ mú ni?” Ó rí Mústíà, ó ṣẹ́jú. “Hẹ̀n, orogún ògiri ti dé. Ẹ jẹ́ n kúrò níbí kó má di pé mo ń jẹ́rìí ohun tí mi ò rí.”

Nígbà tó lọ tán, Mústíà sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. “Mígínì, jẹ́ ká lọ sí Túsúrù.”

Mígínì mọ ohun tó ń sọ. Ìrìn àárọ̀ sí ọ̀sán ni Túsúrù. Alàgbà ibẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti lè mú ìwé kan wá látọwọ́ ẹni tó jìyà lẹ́wọ̀n, pé kí wọ́n gbà ọ́, ó gbà ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti lọ. Láti ìgbà náà, Túsúrù kì í bá Vasárì jẹun mọ́. Bí ará ibí bá pàdé ará ibẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn a máa wo òkè. Tẹ́lẹ̀, ọjà kan náà, itẹ́ òkú kan náà ni.

“Lọ́la ni wọ́n máa gbà ẹ́,” ni Mústíà ń wí, ó ń yára bí ẹni tí ojú ọjọ́ fẹ́ ṣú lé lórí. “Lọ́túnla wọ́n so wá pọ̀. Màá bẹ Bàámi kí wọ́n kọ̀wé fún ẹ. Ogún ènìyàn ni wọ́n kọ fún kí wọ́n tó jáde lẹ́wọ̀n!”

Mígínì mú ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, níbi tí àwọn tó ń kọjá kò ti lè rí i. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ààrò. “Olólùfẹ́ mi, mo ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó gbé mi dé nìyí. Bí mo bá tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, inú ilé wo ni mo wọ̀?”

“Ọ̀rọ̀ lò ń sọ. Ọjọ́ orí mi ń lọ.”

“Ọmọ ogún ọdún!” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ilẹ̀ yìí máa jókòó pọ̀ ní Kátéèjì lẹ́yìn Àjíǹde. Jẹ́ ká dúró dè wọ́n.”

Síbẹ̀ Mústíà lọ bá bàbá rẹ̀. Báríkì jókòó síwájú ọlọ ólífì, ó na ẹsẹ̀ tó fọ́ sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mústíà kúnlẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀. Báríkì jẹun tán kó tó dáhùn.

“Tó o bá rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn, o ṣì í. Ẹni tó tọ́jú ẹ nígbà tí mi ò sí ńlé, kí ni n ó fi san án?” Ó fi àkísà nu ọwọ́. “Àmọ́ ní ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Mústíà, ìyà jẹ wá débi tá a fi rò pé ohun tá a bá ti kọ, àṣẹ ni. Gbogbo ẹni tó bá yọjú la ń kọ̀wé fún. Nígbà tí mo jáde ni mo tó rí ohun tá a ṣe. Ará Túsúrù gbé ìwé mi lọ́wọ́ bí idà, wọ́n ń fi gún bíṣọ́ọ̀bù. Mi ò jìyà kí ìjọ lè di méjì. Bàbá Nátsálù ní kò sẹ́nì kankan tó gbọdọ̀ dá ilẹ̀kùn ṣí, òun alára pẹ̀lú, àfi kí gbogbo wọn jókòó. Tí mo bá wá kọ̀wé fún àna mi, ẹnu wo ni n ó fi sọ̀rọ̀?”

“Bàámi, ẹ gbà mí.”

“Ó yẹ kí n gbà ẹ́ lóòótọ́. N ò lágbára ẹ̀ ni.” Ó sì yí ojú sí ọlọ, nítorí kò fẹ́ kó rí omijé ojú òun.

Bàbá Nátsálù gun ìbaaka lọ sí Kátéèjì ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Ó dágbére, ó ní kí wọ́n gbàdúrà. Mústíà gbà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Àwọn arúgbó kan tí kò rí rí, tí wọn kò mọ̀ ọ́n, jókòó níbì kan lẹ́bàá òkun, wọ́n ń jiyàn lórí ìgbéyàwó rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ólífì tanná, ìtànná gbọn dànù, ọkà báálì pọ́n. Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ogójì ọjọ́ pé. Gbogbo ìbaaka tó bá fẹsẹ̀ gba òpópó, Mústíà á sáré yọjú.

Ọjọ́ kẹtàlélógójì ni bíṣọ́ọ̀bù dé. Ó ti rù, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo ìjọ péjọ, àwọn ará ìloro na ọrùn bí àgùntàn tó gbọ́ ìró omi.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni Bàbá wí, “ẹ má bi mí pé kí ni mo sọ, torí ohun tí mo sọ kọ́ ni mo gbé bọ̀. Mo lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle lẹ́nu. Ẹlòmíì wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rírọ̀. A jà. Bíṣọ́ọ̀bù kan bínú dìde lẹ́ẹ̀mẹta, a fà á jókòó lẹ́ẹ̀mẹta.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. “Ìwé Mímọ́ là ń kà, àwẹ̀ là ń gbà, títí kò fi sẹ́ni tó tún lè sọ pé tòun ló borí. Ẹni tó rúbọ ní tòótọ́, yóò máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Bí ikú bá ń bọ̀, ká sáré gbé àlàáfíà lọ bá a. Ẹni tó gbàwé lásán, kí ìjọ rẹ̀ wò ó, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ìwọ̀n má ṣe jẹ́ méjì. Kó mú ìwé náà wá, ká kà á sójú gbogbo wa, ká dáná sun ún. Mi ò ní dá a wò. Gbogbo wa ni.”

Mústíà gbọ́ “kà á sójú gbogbo wa,” ó sì fi ojú wá Mígínì ní ìloro.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pe Mígínì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan, ó kọjá ìloro, ó dúró sáàárín ilé, ó wọ aṣọ fífọ̀. Ó na ìwé sí díákónì. Díákónì tú u, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

“‘Mígínì ọmọ Átíbà, tó ń mọ fìtílà, àti…’” Ó yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. “Bàbá, nǹkan dúdú ló wà níbí.”

Wọ́n gbé e yí ká láàárín àwọn alàgbà. Èéfín fìtílà ni, tí wọ́n fi òróró pò, tí wọ́n wá fi ọwọ́ ra á mọ́ ìlà kan ṣoṣo. Àmì ìka ẹni tó ṣe é ṣì wà níbẹ̀.

“Mígínì,” ni bíṣọ́ọ̀bù wí jẹ́jẹ́, “kí ló wà lábẹ́ dúdú yìí?”

Mígínì tẹjú mọ́lẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹnu ẹ là ń wò.”

Mígínì gbójú sókè, ó la ẹnu, Mústíà sì rí i lójú rẹ̀ pé irọ́ ni yóò pa, pé yóò pa á nítorí tòun, àti pé irọ́ yẹn ni yóò fi wọlé tí wọn ó sì jọ máa bá gbé títí ayé. Kò mọ ìgbà tó dìde.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo wà lábẹ́ ẹ̀. ‘Àti Mústíà aya rẹ̀.’ Ó kà á sí mi létí. Mo… mo ní kó tún un kà.”

Báríkì di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀!” ni Mígínì ké. “Kò bẹ̀ mí o! Ẹ jẹ́ n dúró ọdún kejì fún un, mo ti mọ ògiri ibẹ̀ dáadáa!”

“Dákẹ́ ná,” ni Bàbá Nátsálù wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. “Ó ti já irọ́ gbà lẹ́nu ẹ, dúpẹ́.”

Àṣà wọn ni pé alàgbà tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnu àgbà má baà bo tọmọdé mọ́lẹ̀. Èyí tó kéré jù ní kí wọ́n gba Mígínì, kó fi àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣe ẹ̀san èéfín tó fi kun ìwé. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti Mústíà, alàgbà tó kéré jù náà ní, “Ọmọdébìnrin tí ẹ̀rù bà ni. Ó tún fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká dárí jì í lónìí.” Alàgbà kejì ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun wí. Ẹ̀kẹta mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn Mústíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá bí ẹyẹ.

Ìgbà yẹn ni díákónì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́. “Ẹ dárí jì mí. Sánámì tó wà níta ní kí n bá òun bi ìjọ ní ìbéèrè kan.”

“Bi í,” ni bíṣọ́ọ̀bù wí.

“Ó ní bí ó bá jẹ́ ọmọ tòun ni ń kọ́?”

Ẹ lè gbọ́ oyin tó ń kùn lára àjàrà níta. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni mọ́kànlá ló wà ní ìloro yẹn tó gbàwé, ọmọ mẹ̀kúnnù, ọmọ alágbàṣe, tí wọ́n ti dúró nínú òjò àti oòrùn. Alàgbà tó kéré jù náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ojú bàbá rẹ̀ ni mo wò.” Ẹnì kejì gba tiẹ̀ padà. Wọ́n yí ká, wọ́n tún yí ká, títí wọ́n fi fimọ̀ ṣọ̀kan: ìwọ̀n kan náà. Ọdún kan tí Mígínì dúró ni Mústíà yóò dúró.

Ó ku Báríkì. Ẹni tó jìyà lẹ́wọ̀n lóhùn láàárín wọn. Bí ó bá ní rárá, ẹjọ́ náà kò ní dúró. Wọn ó tún un gbé yẹ̀ wò. Mústíà wo ẹnu bàbá rẹ̀.

“Mo fọwọ́ sí i,” ni Báríkì wí, ó sì fi aṣọ bojú.

Wọ́n dáná sun ìwé náà nínú iná fìtílà kan tí Mígínì mọ. Orúkọ méjèèjì jó papọ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, Mústíà ń wá ẹni tí yóò bẹ̀. Ó gbéra kó lọ kúnlẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù, ó rántí pé bíṣọ́ọ̀bù kò dá a ṣe é. Ó ní òun ó lọ bá àwọn alàgbà, èwo nínú wọn? Bí ẹnì kan ló dá ẹjọ́ náà, à bá lọ sunkún sí i lẹ́sẹ̀, à bá fi í bú, à bá kórìíra rẹ̀ títí ara yóò fi tù wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé fọwọ́ sí, tó fi dórí bàbá ẹni, ẹsẹ̀ ta lèèyàn ń dì mú? Èyí tó tún burú jù ni pé, nígbà tó bi ara rẹ̀ léèrè, òun náà fọwọ́ sí i.

“Ọdún kan kì í ṣe ayérayé,” ni Mígínì wí nígbà tó wá kí i ní ọlọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ìwọ lo dúró ọdún kan. Èmi ti dúró ọdún kan nínú ilé. Èyí tó ń bọ̀ ń kọ́? Látọjọ́ ìdána, ọdún mẹ́ta ló máa jẹ́ ká tó ṣe ìgbéyàwó.”

“Mo máa dúró dè ẹ́ títí irun mi fi máa funfun bíi ti Bàbá Nátsálù.”

“Má sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún mi lónìí, Mígínì. Kò wọlé.”

Lọ́jọ́ Olúwa, ó wọ aṣọ dúdú, ó lọ dúró ní ìloro. Sánámì sún, ó fún un láyè.

“Mústíà,” ni Sánámì wí lábẹ́lẹ̀, “mi ò gbèrò ìkà sí ẹ. Mo kàn béèrè ni.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Ẹnu mi yìí, ṣe ni ó yẹ kí n fi í po ìyẹ̀fun.”

Wọn kò tíì kọ orin àkọ́kọ́ tán nígbà tí wọ́n rí eruku lójú ọ̀nà Túsúrù. Ẹni mẹ́tàlélógún ni, tọkùnrin tobìnrin, alàgbà wọn ló ṣáájú. Ó dúró níwájú ìloro, ó wo Mústíà látòkè délẹ̀, ó bọ́ fìlà.

“A gbọ́ pé ọmọ Báríkì gan-an ni wọ́n fi síta,” ló wí. “A ní irọ́ ni. A wá fojú ara wa rí i. Tó bá jẹ́ pé báyìí lẹ ṣe ń wọn nǹkan níbí, ẹ wá wọn tiwa.” Ó kó àwọn ìwé tí Báríkì kọ lẹ́wọ̀n jáde lábẹ́ aṣọ, ó kó wọn fún díákónì. Àwọn tó gbàwé Késárì nínú wọn wá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mústíà láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n tò. Nínú ilé, igbe ayọ̀ sọ. Àwọn tó ti ń wo òkè bí wọ́n bá pàdé dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún. Bàbá Nátsálù kò lè sọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti Túsúrù di ọwọ́ Mústíà mú, ó ní, “Ọlọ́run ló fi ẹ́ ṣe é o, àbúrò. Ìwọ lo pa wá pọ̀.”

Mústíà rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni pọ̀. Ọkọ ló ń fẹ́.

Ó wá di àkókò àlàáfíà. Ó gbéra lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, ó yí ká, ó gùn lónìí ju bó ṣe máa ń gùn lọ, nítorí àwọn ará Túsúrù tí kò jẹ̀bi ti kún ilé. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ẹni ìkẹyìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí Mústíà máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, ni Mígínì. Báríkì ló gbé e fún un. “Àlàáfíà fún ọ, ọmọ mi.” Mígínì gbà á, ó yíjú síta.

Ìṣísẹ̀ kan péré. Amọ̀ pupa wà léèékánná rẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, díákónì wò ó, ó sì pa ẹnu dé. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé àlàáfíà náà sẹ́nu bí ẹni gbé omi sẹ́nu, kò lè tu ú, kò lè gbé e mì.

Mústíà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ Olúwa tó kù. Mọ́kànléláàádọ́ta. Ó dàrú mọ́ ọn lójú, ó tún un kà.

“Fara ti ògiri, ọmọ mi,” ni Sánámì sọ sí i létí. “Ẹsẹ̀ á ro ẹ́. Ibi tí Mígínì máa ń fara tì nìyẹn, ó ti dán.”

Mústíà fi ọwọ́ wá a lẹ́yìn ara rẹ̀. Lóòótọ́ ló dán. Ó fara tì í.